Ohun Tí Ó Gba Inú Asẹ́ Kọjá: Ìtàn Ẹ̀jẹ̀ Asibi ní Yábàá

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, sẹ́, ni mo fẹ́ fi ṣínà ìtàn òní. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Ọ̀pin, ní apá Èkìtì ti Ìpínlẹ̀ Kwara, èmi ni màmá mi máa ń pè láti di etí aṣọ mú bí wọ́n bá ń sẹ́ ògì. Èèrí a dúró sínú aṣọ, ògì a bọ́ sínú ìkòkò. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ògì a ti wálẹ̀ sísàlẹ̀, omidùn a sì tòrò lókè. Iṣẹ́ méjì nìyẹn, sísẹ́ àti títòrò, àwọn onímọ̀ tí ń wá ohun àìfojúrí nínú ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣe méjèèjì títí di òní.

Ní 1925, àjọ Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà dá ìgbìmọ̀ ìwádìí ibà pọ́njú sílẹ̀ ní Yábàá, ní Èkó. Henry Beeuwkes ni olórí rẹ̀. Àríyànjiyàn ńlá wà nígbà náà lórí ohun tí ń fa ibà yìí. Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ti kéde ní 1919 pé òun rí kòkòrò rẹ̀ lára àwọn aláìsàn ní Guayaquil, ní Ecuador: kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó lọ́, Leptospira.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí ibí ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ojú aláìsàn tí ó pọ́n ni a fi ń pè é ní ibà pọ́njú. Ṣùgbọ́n pọ́n tiwa gbòòrò: ọsàn a pọ́n, ata a pọ́n, ojú náà a pọ́n. Orúkọ òyìnbó rẹ̀, yellow fever, kò sì sàn ju tiwa lọ, àwọ̀ ni òun náà dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo ni ń mú ojú pọ́n. Àrùn Weil, tí à ń kó láti inú ìtọ̀ eku, ń mú un pọ́n bákan náà. Ó jọ pé àrùn Weil gan-an ni ó ń ṣe àwọn kan nínú àwọn tí Noguchi gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Ní 1926, Max Theiler àti A. W. Sellards fi hàn ní Harvard pé kòkòrò Noguchi àti ti àrùn Weil kò ṣeé yà sọ́tọ̀ ara wọn.

Adrian Stokes, oníṣègùn ọmọ Ireland, mọ àrùn Weil dáadáa. Ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun ní Flanders nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ọjọ́ 30 oṣù Okúdù 1927, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Johannes Bauer àti Paul Hudson, lo ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tí ń jẹ́ Asibi. Kpeve, ní Gold Coast tí í ṣe Gánà òde òní, ni wọ́n ti gbà á. Ibà Asibi kò le, ara rẹ̀ sì yá. Ọ̀bọ rhesus, irú ti ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà sí lára ni ó kú. Àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ti dán wò tẹ́lẹ̀ kì í ṣàìsàn. Òun ni iṣẹ́ náà fi pẹ́ kó tó yọrí.

Wọ́n wá sẹ́ ẹ. Asẹ́ Berkefeld ni wọ́n lò, èyí tí a fi erùpẹ̀ sísun ṣe, tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ bakitéríà fi ń dúró sínú rẹ̀ bí èèrí. Ohun tí ó kọjá ṣì ń pa ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú o: Leptospira tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé òun náà lè gba inú irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Asẹ́ nìkan kò lè dájọ́. Àfìgbà tí wọ́n wá Leptospira kiri lára àwọn aláìsàn àti ọ̀bọ tí wọn kò rí i ni ọ̀rọ̀ tó dúró: fáírọ́ọ̀sì ni. Stokes kò rí ìwé iṣẹ́ náà nígbà tí ó jáde ní 1928. Ibà náà pa á ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 1927, ní ẹni ogójì ọdún. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra láti ṣe ìwádìí, ibà kan náà sì pa á ní ọjọ́ 21 oṣù Èbìbí 1928.

Láti inú fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Theiler àti Hugh Smith ti rí 17D, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbé jáde ní 1937 tí a ṣì ń lò. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. A kì í sábà dárúkọ Asibi. Ní 1942 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bí 50,000 ṣàìsàn lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà. Omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí wọ́n pò mọ́ ọn ni ó gbé àrùn ẹ̀dọ̀ B wá. Ojú tún pọ́n.

Lónìí, exosome ni ọ̀pọ̀ ń wá nínú ẹ̀jẹ̀: àpò tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde, tí wọ́n nírètí pé yóò máa tú àṣírí àrùn bí jẹjẹrẹ. Rose Johnstone ti Montreal ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1987, lẹ́yìn ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ àgùntàn. Ó tó nanomita 30 sí 150. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú jẹ́ bí 50. Wọ́n a máa fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ bíríbírí, díẹ̀díẹ̀ ní àkọ́kọ́ kí pàǹtí lè wálẹ̀, títí dé ipá tí ó tó ìlọ́po 100,000 òòfà ilẹ̀. Ohun tí ó wálẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò kì í ṣe exosome nìkan. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ a bá a wálẹ̀, fáírọ́ọ̀sì pẹ̀lú bí ó bá wà níbẹ̀. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ yìí fi gbà wọ́n níyànjú ní 2018 pé kí wọ́n má pe ohunkóhun ní exosome bí wọn kò bá lè fi ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá nínú sẹ́ẹ̀lì hàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí n wá orúkọ Yorùbá fún exosome. Àpò ìta-sẹ́ẹ̀lì ni mo fún un. Ó ní kò dùn létí tó.