Ẹ̀sìn Wo Ló Rí Àyè ní Kíláàsì?

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Òkúdù ọdún 1859, àlùfáà Thomas Babington Macaulay, àna Àjàyí Crowther, ṣí CMS Grammar School ní Èkó. Ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ Bíbélì, wọ́n ń kọ́ Látìn àti Gíríìkì, wọ́n sì ń kọ́ lọ́jíìkì, ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń ro ọ̀rọ̀ já gaara.

Àwọn òbí Mùsùlùmí náà fẹ́ kí ọmọ wọn kàwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọ ni ilé ìwé wà. Ọmọ tó wọlé ní Ràṣídì lè jáde ní Richard. Ẹ̀rù yìí bá wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mú wọn káwọ́ gbera. Ní 1896, ìjọba Èkó ṣí ilé ìwé fún ọmọ Mùsùlùmí, ọ̀mọ̀wé Edward Blyden sì wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ní 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé ìwé tí ọmọ ti lè mọ ìwé òyìnbó láìpa kéú tì.

Ṣéù Adam Al-Ilori gba ọ̀nà mìíràn. Markaz, ilé ìwé kéú tó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé lọ sí Àgége ní 1955, sọ kéú orí ẹní di ẹ̀kọ́ kíláàsì, pẹ̀lú àga, ìpele àti ìdánwò.

Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ńkọ́?

Yunifásítì ló kọ́kọ́ fún un láyè. Láti 1949, Geoffrey Parrinder kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn nípa ẹ̀sìn Áfíríkà. Ní 1962, Bọ́lájí Ìdòwú, tó jẹ́ àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde. Lẹ́yìn náà ni ọ̀mọ̀wé Sophie Olúwọlé fi Ọ̀rúnmìlà, òrìṣà Ifá, wé Socrates, amòye Gíríìkì, tó ní onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ Yorùbá ni òrìṣà gbà wọlé: olùkọ́ èdè ló ń ṣàlàyé Ògún, Ọya àti Ifá, nígbà tí Bíbélì àti Kùránì ní iṣẹ́ tiwọn.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pa ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì àti ti Ìsìláàmù pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí ní 2014, ariwo sọ títí wọ́n fi kéde ní 2017 pé àwọn yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú gbogbo awuyewuye yẹn, ìpín ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò kúrò nínú iṣẹ́ Yorùbá. Ìpín náà kéré jù fún ìmọ̀ tí Ìdòwú àti Olúwọlé fi gbogbo ayé wọn wádìí.