Kumasi: Kí ló ń mú kí fídíò kámẹ́rà kékeré máa ta wínníwínní, kí sì ni ọ̀nà àbáyọ?

Ní Kumasi, tó jẹ́ olú ìlú ẹkùn Ashanti ní Ghana, ọjọ́ Sátidé ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń ṣe òkú. Aṣọ dúdú àti pupa ni àwọn abánikẹ́dùn ń wọ̀ jókòó sábẹ́ kánópì, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ń mú ganrínganrín lẹ́yìn wọn. Ẹni tó ń ya fídíò kò lè ní kí ẹbí tún ètò náà ṣe nítorí pé àwòrán kò dára. Ọmọ olóògbé tó wà ní London tàbí New York, tí kò ráàyè wá sílé, fídíò yìí nìkan ni yóò fi rí bí wọ́n ṣe sin òbí rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ba irú fídíò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni àwọn àmì wínníwínní tó ń gbọ̀n lójú àwòrán bí iyanrìn, pàápàá níbi tó bá ṣókùnkùn. 'Noise' ni àwọn oníṣẹ́ kámẹ́rà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pariwo. Kámẹ́rà kékeré tí kò ní dígí nínú, irú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ayàwòrán lóde òní, ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àìtó ìmọ́lẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Òjò nínú abọ́ méjì

Bí òjò bá ń kán wínníwínní sínú abọ́ méjì, omi inú wọn kì í dọ́gba. Bí òjò náà bá rọ̀ dáadáa, ìyàtọ̀ àárín wọn kò ní hàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ inú kámẹ́rà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí àwòrán fi borí wínníwínní á di ìlọ́po méjì.

Ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ 'full-frame' jẹ́ mìlímítà 36 ní 24, nígbà tí 'Micro Four Thirds', irú èyí tí Panasonic ń lò nínú kámẹ́rà Lumix G, jẹ́ 17.3 ní 13. Èyí ńlá fẹ̀ ju kékeré lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ooru pẹ̀lú ń dá kún un, nítorí náà kò yẹ kí kámẹ́rà máa yá oòrùn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù ISO. ISO kì í dá ìmọ́lẹ̀. Ńṣe ló ń gbé ohun tí sẹ́ńsọ̀ ti rí gbà sókè, bí ìgbà tí èèyàn yí rédíò sókè tí ohùn àti híhó rẹ̀ jọ ròkè. Síbẹ̀, ẹni tó fi ISO sílẹ̀ tí àwòrán fi ṣókùnkùn, tó wá ń mú un mọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ti ṣe ara rẹ̀ níbi ju ẹni tó gbé e sókè níbi ayẹyẹ lọ. Kódà, àwọn kámẹ́rà kan wà tí wọ́n ṣe fún un: GH5S tí Panasonic gbé jáde lọ́dún 2018 ní ìpìlẹ̀ ISO méjì, 400 àti 2500.

Lẹ́ńsì ni kí owó kọ́kọ́ bá

Lẹ́ńsì tó ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí kì í sábà ṣí ju f/5.6 lọ bí wọ́n bá fà á jìnnà. Lẹ́ńsì mìlímítà 50 tó ń ṣí dé f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí, kò sì wọ́n bíi kámẹ́rà tuntun. Àléébù rẹ̀ ni pé bí àgbàlagbà tí wọ́n ń yà bá tẹ síwájú díẹ̀, ojú rẹ̀ lè ṣú.

Iná mànàmáná Ghana, bíi ti Nàìjíríà, ń lọ ní 50 Hz. Ìdí nìyí tí ṣọ́tà 1/50 fi bá fídíò tó ń lọ ní àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan mu. Ẹni tó fi ṣọ́tà sí 1/200 ti da ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nù, iná LED mìíràn á sì máa ṣẹ́jú nínú àwòrán rẹ̀.

Aṣọ dúdú, oòrùn funfun

Ibí gan-an ni iṣẹ́ Kumasi ti le jù. Bí wọ́n bá ní kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ pinnu, yóò rí oòrùn tó wà lẹ́yìn kánópì, yóò sì dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú tó dúdú á wá wọ inú òkùnkùn. Bó bá jẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ló kún iwájú rẹ̀, yóò ṣe òdìkejì. Ojú èèyàn ni kí ayàwòrán fi díwọ̀n, kó yí gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹ̀yìn funfun bó bá fẹ́ funfun. Yíyí àga olóyè kan padà kí ìmọ́lẹ̀ lè wá láti ẹ̀gbẹ́ lè ṣe ju ẹ̀rọ olówó iyebíye lọ, bó bá ti fi ọ̀wọ̀ tọrọ ààyè.

Lálẹ́, bí wọ́n bá gbé iná LED kékeré sún mọ́ èèyàn dé ìdajì ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Iná tó ń lo bátìrì ló dára, nítorí ọ̀rọ̀ Twi náà 'dumsor', tó túmọ̀ sí kí iná máa kú kó máa tàn, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Kumasi. Àwọn tó ń ṣe fíìmù Twi tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Kumawood, ilé iṣẹ́ tó sọ Agya Koo àti Lil Win di ìlú-mọ̀ọ́ká, mọ ìṣòro yìí dáadáa.

'Log' tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán fẹ́ràn, tó ń mú àwòrán ṣì kí wọ́n lè kun àwọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, kò yẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó. Òun ló ń tú wínníwínní síta jù.

Lórí kọ̀ǹpútà

DaVinci Resolve ní irinṣẹ́ tó ń fọ wínníwínní kúrò, àmọ́ ẹ̀dà Studio tí wọ́n ń sanwó fún ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí ọ̀fẹ́. Ó ń fi àwòrán kan wé èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì ń pa ohun tí kò bá dúró lójú kan rẹ́. Bí wọ́n bá lò ó jù, awọ ara á máa dán bí àbẹ́là, iṣẹ́ ọnà ara kente á sì parẹ́.

WhatsApp náà máa ń fún fídíò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Wínníwínní tó ń yí padà ní gbogbo ìgbà yìí ló ń gba àyè tó yẹ kí ojú èèyàn gbà, tí àwòrán fi ń di páálí-páálí lórí fóònù. Nítorí náà, ẹbí tó bá fẹ́ tọ́jú fídíò òkú wọn yẹ kó gba ojúlówó ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì lọ́wọ́ ayàwòrán, kó tó pa á rẹ́ nínú káàdì rẹ̀ nítorí iṣẹ́ Sátidé tó ń bọ̀.