Ọmọ ajá aláìsàn lẹ́bàá títì: Ìtàn tó wà lẹ́yìn ìbéèrè pé ṣé kí èèyàn gbé e wálé

Kì í ṣe ohun tuntun ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà àti káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti rí ọmọ ajá tó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà, tí egungun ìhà rẹ̀ yọ síta, tí ipin bo ojú rẹ̀. Ọmọdé tó bá rí i máa ń fẹ́ gbé e wálé. Àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kígbe pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àwọn méjèèjì ló jàre. Àánú ló ń ṣe ọmọdé, àrùn dìgbòlugi ló ń ba àgbà lẹ́rù. Àríyànjiyàn yìí sì ti pẹ́ láyé.

Òfin tó ti tó 4,000 ọdún

Ní ìlú Eshnunna, nílẹ̀ tó di Iraq lónìí, wọ́n ti ṣòfin lórí ajá dìgbòlugi ní nǹkan bíi 4,000 ọdún sẹ́yìn. Bí àwọn aláṣẹ bá ti kìlọ̀ fún ẹni tó ni ajá, tí kò mójú tó o, tí ajá náà wá gé èèyàn jẹ, tí ẹni náà sì kú, ẹni tó ni ajá yóò san 40 ṣékélì fàdákà.

Ìbéèrè tó wà nídìí òfin náà ni pé: ta ló ni ajá? Ajá ìgboro kò lólúwa. Àmọ́ ọjọ́ tí èèyàn bá ti gbé e wọlé, ọrùn onítọ̀hún ni gbogbo ohun tó bá ṣe wà.

Ọmọ ọdún 9 tó yí ìtàn padà

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kùmọ̀ ni wọ́n fi ń yanjú ọ̀rọ̀ ajá tí wọ́n bá fura sí. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, wọ́n lè fi irin gbígbóná jó ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1885, wọ́n mú Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 láti Alsace, wá bá Louis Pasteur ní Paris. Ajá ti gé e jẹ níbi 14. Pasteur ti ń sá ọ̀pá ẹ̀yìn ehoro tó ní àrùn náà gbẹ, kí agbára kòkòrò inú rẹ̀ lè dínkù. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe dókítà, nítorí náà dókítà mìíràn ló gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ìgbà 13.

Ọmọ náà yè. Nígbà tó dàgbà, ó di aṣọ́nà ní ilé ìwádìí tí wọ́n fi orúkọ Pasteur pè.

Láti Amẹ́ríkà dé Vom

Igbesẹ̀ tó kàn ni kí wọ́n dáàbò bo ajá fúnra rẹ̀ kó tó gé ẹnikẹ́ni jẹ. Ní ọdún 1939, àrùn náà pa ọmọbìnrin kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ mú kòkòrò tó pa á, wọ́n sì ń tọ́ ọ léraléra nínú ẹyin adìẹ títí agbára rẹ̀ fi dínkù. Flury ni wọ́n ń pe irú rẹ̀.

Àjẹsára Flury yìí ni ilé ìwádìí ìlera ẹranko, NVRI, tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau láti ọdún 1924, ṣe fún àwọn ajá Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Síbẹ̀, àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, ní nǹkan bíi 59,000 èèyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, tó sì jẹ́ pé Asia àti Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ajá ló ń fa ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú kan bá gba àjẹsára, àrùn náà kò ní rọ́nà tàn mọ́.

Ṣé gbogbo ajá aláìsàn ló ní dìgbòlugi?

Rárá. Ó lè jẹ́ ebi, aràn tàbí iná ara. Ó sì lè jẹ́ parvo, tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1978, tó máa ń mú kí ọmọ ajá bì, kó sì máa ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Parvo ajá kì í ran èèyàn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Kì í ṣe gbogbo ajá dìgbòlugi ló ń sáré kiri tí itọ́ ń yọ lẹ́nu wọn. Àwọn kan máa ń dákẹ́ ni, tí ẹnu wọn á ṣí sílẹ̀ bí ẹni tí egungun há sí lọ́fun. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́ ti wọ wàhálà. Kò sì sí àyẹ̀wò tó dájú tí wọ́n lè ṣe fún ajá tó ṣì wà láàyè. Inú ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá a lẹ́yìn tó bá kú.

Kí ni èèyàn lè ṣe?

Kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Kí àgbà wọ ìbọ̀wọ́, kó gbé e sínú páálí, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ajá mìíràn. Bó bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kó gba àjẹsára dìgbòlugi.

Bó bá gé èèyàn jẹ tàbí ya á ní èékánná, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà tó yè.

Ẹni tí kò lágbára owó oúnjẹ àti abẹ́rẹ́, tàbí tí onílé rẹ̀ kò gba ajá láàyè, lè wá ẹlòmíràn tó lè tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe ìwà ìkà. Yorùbá ní ajá tó bá ní èèyàn lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Èèyàn tó máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ni ọmọ ajá ẹ̀bá gọ́tà ń wá, kì í ṣe ẹni tó máa gbé e lónìí, kó sì dá a padà sí títì lọ́la.