Ìtàn Tó Wà Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà

Ìtàn Ìlọrin tí a ń kà nílé ìwé máa ń dárúkọ Àfọ̀njá, Ṣéù Àlímì, àti Abdulsalami ọmọ Àlímì tó kọ́kọ́ jẹ Ẹ́míà. Ó ń dárúkọ àwọn Balógun mẹ́rin: Àjíkòbì, Alánàámù, Gàm̀bàrí àti Fúlàní. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀? Ta ló mọ àmù tí omi wọn ń tutù nínú rẹ̀? Ìtàn àwọn yẹn, ọwọ́ ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ ló wà.

Ẹ lọ sí Dàda ní Òkèlele, ẹ ó rí i. Àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò níbẹ̀, agbo ilé ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Bí ìyá bá lọ sọ́jà, ìyá àgbà ló ń jókòó ti ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Omi ni mo kọ́kọ́ ń pọn. Lẹ́yìn náà, mo ń wo bí ìyá ìyá mi ṣe ń da ìkòkò àtijọ́ dojú délẹ̀, tí wọ́n ń tẹ́ amọ̀ bò ó nídìí, tí wọ́n ń lù ú, tí wọ́n sì ń yí i po. Bí iná bá ti jó o tán, wọ́n á wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára nígbà tó ṣì gbóná, kó má baà máa jò.

Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti jinná?"

Wọ́n ní, "Fi ìka kàn án, kí o gbọ́ ohùn rẹ̀."

Kì í ṣe Ìlọrin nìkan. Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn náírà 20, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní kékeré. Ó ti mọ̀ ọ́n dáadáa kó tó dé ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò Suleja ní 1954.

Lónìí, ike àti ìkòkò onírin ti gba ipò àmù àti ìṣasùn nínú ilé wa. Bí ìran kan ṣoṣo bá kọ̀ tí kò gbọ́ ohùn ìkòkò yẹn, kò sí ìwé tó máa sọ ọ́ fún ìran tó ń bọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ akèrègbè: ìyá àgbà mi mọ iṣẹ́, wọn ò mọ̀ ọ́n kọ, èmi mọ̀ ọ́n kọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi èyí ṣe iṣẹ́ àmúrelé fún wa: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè iṣẹ́ tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe àti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti kọ́ ọ, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.