Ìtàn Ìjánu Ọkọ̀ Ìṣeré Oníbátìrì: Àkíyèsí láti Mákùn
Kì í ṣe gbogbo ohun tuntun ní í lé àtijọ́ lọ. Ẹ̀rí ni ìtàn ìjánu. Ní 1976, Tamiya ti Japan gbé ọkọ̀ ìṣeré oníbátìrì tí a ń fi rédíò darí jáde. Lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí a bá já bátìrì, tí a sì so ẹnu méjèèjì ẹ̀rọ tó ń yí táyà pọ̀, ẹ̀rọ náà yóò di amúnáwá, iná rẹ̀ yóò sì máa dènà yíyí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti tán, agbára náà tán. Kò lè dá ọkọ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìjánu tó ń di táyà mú, irú èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù ń lò ní Mákùn, ló lè ṣe é. A kò gbọdọ̀ kà á sí ohun àtijọ́ lásán.