Kíkà Ló Ṣáájú Ìwé: Ìtàn Ìwádìí Jẹjẹrẹ láti Ìbàdàn dé Oko Ìjàyè

Ní ọdún 1965, G. M. Edington àti C. M. U. MacLean tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú British Journal of Cancer lórí bí jẹjẹrẹ ṣe pọ̀ tó ní Ìbàdàn láàárín 1960 sí 1963. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orúkọ Ìbàdàn ṣe wọ inú ìmọ̀ jẹjẹrẹ lágbàáyé ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó ló gbà pé jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n lára ènìyàn dúdú. Ìwọ̀nba ohun tí ojú wọn rí ní ọsibítù ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò kà á. Edington àti MacLean kà á.

Lóde òní, bí a bá fẹ́ yin olùwádìí jẹjẹrẹ, a ó sọ iye àpilẹ̀kọ tó ti kọ, a ó sì sọ iye ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tọ́ka sí wọn. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ tọ́ sí, inú mi sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìṣirò náà palẹ̀, ènìyàn la óò bá nísàlẹ̀ rẹ̀: obìnrin tó gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun, ọkùnrin tí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ sínú rẹ́jísítà, àti akọ̀wé tó fi sùúrù kọ ọ́. Ọmọ Ìjàyè ni mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wò ó bóyá àwọn ará wa wà nínú kíkà náà.

Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ọsibítù Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́ kí ọsibítù yunifásítì náà, tí à ń pè ní UCH, tó ṣí ní 1957. Ní 1960, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi maikirosikóòpù yẹ ẹran ara wò, èyí tí Edington jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, dá ilé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ní ariwo nínú. Akọ̀wé á wo ìwé aláìsàn, á kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tó ń gbé, ẹ̀yà ara tí jẹjẹrẹ wà, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ibi tó ń gbé ṣe kókó ju bí a ṣe rò lọ. Ẹni tó ka iṣu tó jẹrà láìmọ iye ebè tó wà lóko, kò tíì mọ bóyá ọdún burú tàbí ọdún dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ka aláìsàn láìmọ iye ènìyàn tí wọ́n ti àárín wọn wá.

Nítorí náà, iye tí Edington àti MacLean gbé jáde, ti ará ìlú Ìbàdàn ni. Ará oko tó bá gbé àìsàn rẹ̀ wá sí UCH á gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìṣirò náà. Mi ò dá wọn lẹ́bi, torí wọn kò ní ọ̀nà láti mọ iye wa lóko. Ìjàyè tí Kúrunmí jọba lé lórí, Ìbàdàn kó o ní 1862 lẹ́yìn ogun ọdún méjì, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì sá lọ sí Abẹ́òkúta níbi tí àdúgbò Ìjàyè wà títí dòní. Àwọn tó padà wá tún ilé kọ́ tú ká sí abúlé àti ahéré ní agbègbè tó di Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, tí Mọ́níyà jẹ́ olú rẹ̀. Kíka irú wa kò rọrùn.

Ìṣirò Ìbàdàn wọ ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé Cancer Incidence in Five Continents tó jáde ní 1966. Ilẹ̀ Áfíríkà tó ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá nígbà náà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fi jẹjẹrẹ ilẹ̀ adúláwọ̀ wé ti Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù, ó di dandan kó dárúkọ Ìbàdàn.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ohun mìíràn ti Ìbàdàn jáde. Denis Burkitt ti ṣàpèjúwe ní 1958, láti Uganda, jẹjẹrẹ kan tó ń mú àgbọ̀n àwọn ọmọdé wú. Ó wà níhìn-ín náà. Ní 1963, R. J. V. Pulvertaft mú díẹ̀ lára irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ láti ara ọmọkùnrin Nàìjíríà kan, ó sì rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń dàgbà láìdáwọ́ dúró nínú ìgò. Raji ni gbogbo ilé ìwádìí ayé ń pè wọ́n, wọ́n ṣì ń lò wọ́n títí dòní láti fi mọ bí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ṣàwárí ní 1964. Àìmọye àpilẹ̀kọ ló ti dárúkọ Raji. Ọdún 1964 yẹn gan-an ni àwọn dókítà àgbáyé fọwọ́ sí ìkéde Helsinki, pé a gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí a bá fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí. Nínú gbogbo ohun tó ti inú ọsibítù wa jáde, bóyá ọmọ yẹn ni ayé tọ́ka sí jù, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́.

Kíka ìtọ́ka yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Eugene Garfield ti dá a lábàá ní 1955 pé kí a máa ka iye ìgbà tí àpilẹ̀kọ kan tọ́ka sí òmíràn. Ní 1964, ìwé atọ́ka rẹ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jáde. Ní 2005, Jorge Hirsch mú ọ̀nà kékeré kan wá: bí olùwádìí bá ní àpilẹ̀kọ 40 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 40 ó kéré tán, 40 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọ̀nà náà rọrùn, àwọn yunifásítì sì fẹ́ràn rẹ̀ torí ìgbéga òṣìṣẹ́. Ohun tó burú ni pé jọ́nà Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni àwọn ìwé atọ́ka náà kà jù. Ìbàdàn ti ní African Journal of Medicine and Medical Sciences láti 1970, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ṣe aláìsàn wa láǹfààní ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ kí dókítà Ṣakí àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí i kà, òṣùwọ̀n Hirsch kì í sábà gbé e ga.

Iṣẹ́ tó kan àgbẹ̀ Ìjàyè jù lọ wà lára irú èyí tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tó ń mú àgbàdo àti ẹ̀pà bu, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus flavus, a máa tu májèlé jáde tó ń jẹ́ aflatoxin. Lẹ́yìn tí àwọn tòlótòló kú lọ bíi rẹrẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960 ni wọ́n mọ̀ ọ́n, ó sì ti hàn gbangba pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá lára ẹni tó bá tún ní àrùn ẹ̀dọ̀ B. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ti ń wádìí àwọn májèlé yìí láti àwọn ọdún 1960. Ní 1978, òun àti Maduagwu ròyìn èròjà nitrosamine, ìyẹn náà lè fa jẹjẹrẹ, nínú àwọn ohun mímu ìbílẹ̀ wa. Ọdún kan náà ni E. A. Bababunmi, Uwaifo àti Bassir kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ jọ nípa oúnjẹ Nàìjíríà tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Mo gbóríyìn fún àwọn wọ̀nyí. Àgbàdo tí à ń jẹ gan-an ni wọ́n gbé wọ ilé ìwádìí.

Iṣẹ́ náà délé wa ní tòótọ́ nígbà tí IITA gbà á mọ́ra. Láti 1967 ni iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí ti wà ní Akínyẹlé, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kí a tó dé Mọ́níyà. Ní 2008, Joseph Atehnkeng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde jáde pé lára Aspergillus flavus tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, a rí èyí tí kì í tu májèlé, ó sì lè lé olóró kúrò lórí àgbàdo. Láti inú rẹ̀ ni Aflasafe ti wá, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014. Hóró ọkà bàbà tí kò lè hù mọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Àgbẹ̀ á fọ́n kílò 10 sí héktà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì rí àpilẹ̀kọ jẹjẹrẹ mìíràn tí ọ̀nà láti orí ìwé rẹ̀ dé oko kúrú tó báyìí.

Ní ti àìsàn àwọn obìnrin, ìran tuntun dìde. Ní 1999, Clement Adebamowo àti Adekunle tẹ ìwádìí jáde nínú British Journal of Surgery lórí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ọmú láàárín wa. Ní 2004, Jaiyeola Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn iṣẹ́ wọn lára obìnrin 932 ní àdúgbò Ìdíkàn, Ìbàdàn: nínú obìnrin mẹ́rin, ó lé ní ẹyọ kan tí fáírọ́ọ̀sì HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, wà lára rẹ̀, àti ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà. Adebamowo tún ṣe alága ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà tó yẹ nínú ìwádìí ìlera, ó sì wà nídìí bí wọ́n ṣe so àwọn ilé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ orílẹ̀-èdè yìí pọ̀ ní 2009. Láti ibẹ̀ ni àpilẹ̀kọ Jedy-Agba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá ní 2012: nínú 100,000 obìnrin ní agbègbè Ìbàdàn, jẹjẹrẹ ọmú ń mú 52 lọ́dún, ti ẹnu ilé ọmọ ń mú 36. Níbí ni inú mi ti dùn jù, torí agbègbè tí ilé àkọsílẹ̀ Ìbàdàn ń kà ti di ìjọba ìbílẹ̀ 11. Akínyẹlé wà níbẹ̀, pẹ̀lú Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ará Ìjàyè wọ ìwé.

Olùwádìí tí ayé mọ̀ jù nínú ìtàn yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé. Ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ó gboyè dókítà ní Ìbàdàn ní 1980, ó kọjá sí Chicago, ó sì gba ẹ̀bùn MacArthur ní 2005. Ìbéèrè rẹ̀ ti ilé wá: kí ló dé tí jẹjẹrẹ ọmú fi ń mú obìnrin wa ní kékeré, tó sì ń le? Láti 1998, òun àti àwọn dókítà UCH, Temidayo Ogundiran wà lára wọn, ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn pẹ̀lú ìyọ̀ǹda. Ní 2009, Huo àti Ọlọ́pàdé ròyìn lórí aláìsàn 507 ní Nàìjíríà àti Senegal: oríṣi tí oògùn tó ń dín hómóònù kù kò ràn pọ̀ lára wọn gan-an. Ní 2018, Zheng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti Ìbàdàn jáde nínú Journal of Clinical Oncology. Obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n fi wé 997 tí kò ní. Ìdá 14.7 nínú 100 àwọn aláìsàn ló jogún jíìnì tó ti bàjẹ́. Jíìnì BRCA1 nìkan kó 7 níbẹ̀. Nínú àwọn tí kò ní àìsàn, 1.8 péré ni.

Ìyẹn ni pé aláìsàn kan nínú méje ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ tó yẹ kí wọ́n tètè yẹ̀ wò. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 yẹn náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn olaparib fún jẹjẹrẹ ọmú tó ti ara BRCA wá. Ìmọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin UCH dá kún wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó oògùn náà lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ kò sì ní i. Ó dùn mí. Mi ò gbà pé àwọn tó kọ ìwé ló jẹ̀bi. Àwọn tó ń pín owó ìlera Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ohun kan ṣì kù nínú kíkà. Ilé àkọsílẹ̀ kì í rí ju ẹni tó dé ọsibítù tàbí ibi àyẹ̀wò lọ. Àgbẹ̀ tí ikùn rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ pọ́n, tí wọ́n fi àgbo tọ́jú nílé títí tó fi kú, tí wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí níbẹ̀. Òfin ti gbé kíkọ ikú sílẹ̀ lé Àjọ Ètò Ìkànìyàn lọ́wọ́. Bí òṣìṣẹ́ wọn ní Akínyẹlé bá ń lọ sí abúlé, tó ń bi ẹbí léèrè ohun tó ṣe òkú, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì ń dé UCH, àwọn olùwádìí á lè sọ iye ènìyàn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń pa ní Ìjàyè lọ́dọọdún, wọ́n á sì lè sọ bóyá ó dínkù ní abúlé tí wọ́n ti ń fọ́n Aflasafe.