Ellis Park, 1953: Kíríkẹ́ẹ̀tì, Ọ̀fọ̀ àti Òfin Ìyàsọ́tọ̀ ní Johannesburg

Bésíbọ́ọ̀lù ni ti ará Amẹ́ríkà, kíríkẹ́ẹ̀tì ni ti àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso. Igi àti bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì. Ní 1947, Jackie Robinson, ọmọ adúláwọ̀, wọ pápá fún Brooklyn Dodgers, ògiri ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú bésíbọ́ọ̀lù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Ní 1948, ẹgbẹ́ òṣèlú National Party wọlé ìbò ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì ń mọ ògiri tiwọn lọ sókè. Abẹ́ ìjọba yẹn ni Gúúsù Áfíríkà ti gbàlejò New Zealand ní Ellis Park, ìlà oòrùn àárín gbùngbùn Johannesburg, láti ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1953.

Pápá ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àárín ìlú gan-an, ní Wanderers, ni wọ́n ti ń ṣe eré yìí tẹ́lẹ̀, kí iléeṣẹ́ rélùwéè tó gba ilẹ̀ náà fún ìmúgbòòrò Park Station. Kíríkẹ́ẹ̀tì bá di ayálégbé ní pápá rọ́gbì. Ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ń ta sí ní koríko tútù: bọ́ọ̀lù kan á fò sókè lójijì, òmíràn á rá mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìṣíkiri yìí kò ṣeé yọ kúrò nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 26, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgboyà nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ròyìn.

Bọ́ọ̀lù tí Neil Adcock ti Gúúsù Áfíríkà jù bá Bert Sutcliffe ti New Zealand létí. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó dákú níbẹ̀. Òmíràn bá Lawrie Miller, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láyà, ó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dé àṣíborí nígbà náà. Àwọn méjèèjì padà sí pápá, Sutcliffe pẹ̀lú báńdéèjì lórí.

Ìròyìn tó burú jù ti dé ṣáájú: ọkọ̀ ojú irin kan já sódò ní Tangiwai, ní New Zealand, lálẹ́ ọjọ́ 24, ènìyàn 151 kú. Àfẹ́sọ́nà Bob Blair, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù New Zealand, wà lára wọn. Òtẹ́ẹ̀lì ni Blair wà. Wọ́n ti kéde pé kò ní gbá. Nígbà tí ẹni kẹsàn-án jáde, tí New Zealand ní ayò 154, ó dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó kù láti gbá; Sutcliffe ti ń kúrò ní pápá kí Blair tó yọ láti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ pápá. Gbogbo èrò dìde, kẹ́kẹ́ pa. Nínú ìjù mẹ́jọ tí Hugh Tayfield ti Gúúsù Áfíríkà jù tẹ̀ léra, ayò 25 wọlé: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Sutcliffe gbá bọ́ọ̀lù kọjá ààlà láì kanlẹ̀, Blair gbá ọ̀kan. Ayò 187 ni wọ́n parí sí. Sutcliffe ní 80, a kò lè lé e jáde. Gúúsù Áfíríkà ló borí níkẹyìn, pẹ̀lú ayò 132.

Àwọn tó dìde yẹn kò jókòó pa pọ̀. Ọdún 1953 kan náà ni òfin Reservation of Separate Amenities jáde, tó gbà kí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀ burú ju ti òyìnbó lọ láìjẹ̀bi. Funfun nìkan ni ẹgbẹ́ Gúúsù Áfíríkà. Títí wọ́n fi lé wọn kúrò láwùjọ kíríkẹ́ẹ̀tì àgbáyé ní 1970, Íńgíláǹdì, Ọsirélíà àti New Zealand nìkan ni wọ́n bá figagbága. Basil D'Oliveira, ọmọ Cape Town tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá òfin mu, ti kó lọ sí Íńgíláǹdì ní 1960, ó sì ń gbá fún wọn kó tó di 1968, nígbà tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ní Pretoria kọ̀ kó bá wọn wá. Oṣù Kọkànlá 1991 ni Gúúsù Áfíríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ kojú Íńdíà, tí wọn kò bá gbá rí.